Jẹrikánì Kan Ti Tó

Oṣù kọkànlá ni wọ́n rán mi lọ sí Nemuro,
etí òkun tí atẹ́gùn ti ń gé ètè bí abẹ,
pé kí n lọ wo ohun tó ń ṣe ṣọ́ọ̀bù wa.
Owó pọ́ọ́kú là ń ta kẹrosíìnì. Iná wa ń tàn yanran.
Wọ́n lẹ gbólóhùn kan mọ́ ògiri, lẹ́tà rẹ̀ ga tó ọmọ ọdún méje:
ONÍBÀÁRÀ LỌBA.
Ọba ò kúkú yà lọ́dọ̀ wa.
Òdìkejì títì ni gbogbo wọn ń lọ,
ibi tí Kuwabara Chizuru ti ń ta epo nínú búkà páànù kan
tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í pa dé àfi téèyàn bá fi orúnkún tì í.

Mo ní bóyá ó ń fi èèni sí i ni.
Mo ra jẹrikánì kan, mo wọ̀n ọ́n ní kọ̀rọ̀:
líta méjìdínlógún géérégé,
owó rẹ̀ sì fi ọgọ́rùn-ún yẹ́ẹ̀nì ju tiwa lọ.
Orí mi dà rú.

Mo bẹ̀ ẹ́ kí n bá a gbé epo kiri lọ́jọ́ kan.
Ó mọ ilé iṣẹ́ tí mo ti wá. Bàtà mi ló wò.
"Ìyẹn ò lè rìn lórí yìnyín,"
ó ju bàtà ọkọ rẹ̀ tó ti kú sí mi.
Ìwé kan wà lápò rẹ̀, ó fi rọ́bà dè é, ó ń rùn fún epo:

*Niwa: etí òsì ti di. Kan ilẹ̀kùn, má tẹ agogo.*
*Ilé Hamaguchi: ọmọ ń sùn láago méjì. Gba ẹ̀yìn.*
*Sugawara: á ní òun ti sanwó. Kò tíì san. Má bá a jà,*
*ọmọ rẹ̀ obìnrin á fi ránṣẹ́ lópin oṣù.*
*Ìyàwó Tamaki: ọkọ rẹ̀ kú ní oṣù kejì.*
*Jẹrikánì kan ti tó. Má jẹ́ kó ra méjì.*

Mo ka ti ìgbẹ̀yìn yẹn lẹ́ẹ̀mejì.
Ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń tajà,
kò sẹ́ni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tà dín.
Ọjọ́ yẹn ni mo ṣíwọ́ "ó", mo bẹ̀rẹ̀ "wọ́n".

"Màmá, ṣé kì í dùn yín, ọjà tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín dín kù?"
"Bí mo bá ta méjì fún un,
èkejì á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa bi í léèrè ọkọ rẹ̀."
Wọ́n rìn díẹ̀.
"Ẹ̀yin lẹ ń pè wọ́n lọ́ba.
Ta ló ń bi ọba pé orúnkún ńkọ́?"

Ìjì oṣù kìn-ín-ní pa iná gbogbo ìlú.
Ilẹ̀kùn wa tó ń dá ṣí ara rẹ̀ kọ̀, kò ṣí.
Kọ̀ǹpútà tó mọ orúkọ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn
dákẹ́ lórí tábìlì bí òkúta.
Màmá ti di epo sórí pákó tí wọ́n ń wọ́ lórí yìnyín,
ilé ẹni tí kò ní aládùúgbò ni wọ́n kọ́kọ́ lọ.
Èmi ni mo fa okùn.
Kò sẹ́ni tó béèrè iye tó jẹ́.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá ní Sapporo.
Káàdì ni wọ́n fi fèsì: ra mẹ́wàá, gba ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́.
Ẹgbẹ̀rún méjì káàdì. Wọ́n ṣì wà nínú páálí.

Nígbà tí mo lọ dágbére, ìwé náà ṣí sílẹ̀ lórí káńtà:
*Isogai, ṣọ́ọ̀bù òdìkejì: ó ń dá gbé.*
*Òtútù ń mú un, kì í sọ.*
*Bàtà yẹn ń há a lẹ́sẹ̀ ọ̀tún.*

Èmi tí n kò rajà lọ́wọ́ wọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.